Jíà Ìyá Mi Tó Ń Jò

Nígbà tí mo kéré, tí ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là sí ohun tó ń lọ nílé, ìyá mi nìkan ni obìnrin tó ń wakọ̀ ní àdúgbò wa ní Nkololoun, nílùú Douala. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ o, ẹ̀yin ọmọ tí mò ń bá sọ Yorùbá tí ẹ ń fi Faransé dá mi lóhùn. Àìsàn ti mú ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ láti kékeré, ẹsẹ̀ náà ò lágbára kankan, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti ra ọkọ̀ àtijọ́ ńlá kan nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ dáadáa ní èbúté. Ọtomátíìkì ni, kò ní kílọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ń fẹ́. Ìyá mi jókòó sínú rẹ̀, ó kọ́ ọ, ó sì di awakọ̀.

Nígbà tí ohun tí gbogbo Douala ń pè ní la crise, ọ̀dá owó ńlá yẹn, dé, wọ́n dá bàbá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ọkọ̀ yẹn ló wá ń bọ́ wa. Láràárọ̀ ni ìyá mi ń kó àwọn ọlọ́jà àtẹrù wọn lọ sí Marché Dakar. Clando ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, torí kò ní ìwé tákísí. Bí ọlọ́pàá bá dá a dúró, ọ̀pá rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbé síta kó tó gbé ara rẹ̀ síta, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ní kó máa lọ. Kò tìjú rárá. Ó ní ohun tí Ọlọ́run fún òun lòun ń lò.

Àfi bí jíà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Òróró pupa tó ń mú jíà ṣiṣẹ́ ń kán sílẹ̀ láti etí àwo irin pẹlẹbẹ tí wọ́n dè mọ́ ìsàlẹ̀ jíà náà. Bí òróró bá ti dín, ẹ́ńjìnì á kàn máa ké lásán ni, ọkọ̀ ò ní lọ. Bàbá mi kọ́kọ́ mú sípánà, ó fún àwọn ìdè, ìyẹn àwọn bóòtù tó di àwo náà mú. Ó ń jò. A gbé e lọ bá mẹkáníìkì wa, ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan, òun náà fún un. Ó tún ń jò sí i. Ó wá pe èyí tó sígbọnlẹ̀ jù nínú àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ kó fún un títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ. Ńṣe ló wá ń ṣàn.

Mẹkáníìkì ní kò sẹ́ni tó lè tún ọtomátíìkì ṣe ní Douala mọ́, pé kí àwọn yọ jíà náà dànù, kí àwọn fi èyí tó ní kílọ́ọ̀ṣì rọ́pò rẹ̀. Bàbá mi ti gbà kó tó sọ ọ́ tán. Mo rí ojú rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Ọkùnrin tó ń jókòó sílé látàárọ̀ dalẹ́ ti ríṣẹ́ nìyẹn. Ó ní kí ìyá mi lọ sinmi, òun á máa wakọ̀.

Ìyá mi wo àwọn méjèèjì. "Ẹsẹ̀ wo lẹ fẹ́ kí n fi tẹ kílọ́ọ̀ṣì?" Ó yíjú sí bàbá mi. "Bàbá wọn, iṣẹ́ yín ni wọ́n gbà. Ẹ má gba tèmi."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun bàbá mi wọra, ó dun èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà, mo ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Ó ní kí wọ́n tú àwo náà níṣojú òun. Mẹkáníìkì ní kò wúlò. Ìyá mi fa bẹ́ǹṣì sáàárín ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó, ó na ọ̀pá rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà, ó ní òun ò lọ síbì kankan. Wọ́n tú u. Abọ́ mímọ́ la fi gbe òróró náà, a sì fi aṣọ sẹ́ ẹ, torí ta ló lówó òróró tuntun nígbà yẹn? Ìyá mi nu àwo náà, ó dojú rẹ̀ dé sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó pè mí kí n wá wò ó. Ibi tí ìdè kọ̀ọ̀kan wà ti tẹ̀, àárín wọn ò kan tábìlì mọ́, ìmọ́lẹ̀ ń gbabẹ̀ kọjá.

Télọ̀ ni kó tó di awakọ̀, ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ ló fi ń ránṣọ. "Bí okùn bá fún jù, etí aṣọ á sún jọ," ó ní. "Ojoojúmọ́ ni ìjọba ń ní ká fún ìgbànú mọ́dìí nílùú yìí. Èyí tí ẹ fún jù nìyí, ó ń jò."

Mẹkáníìkì yẹn ṣèèyàn o. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ìyá mi ti borí òun. Ló bá gbé etí àwo náà lé pákó, ó ń fi òòlù kékeré kàn án jẹ́jẹ́ títí ó fi tẹ́jú. Ìyá mi fi bébà ya bí àwo náà ṣe rí, ó wá fi sísọ́ọ̀sì rẹ̀ gé gáskẹ́ẹ̀tì tuntun, ìtẹ́lẹ̀ tó ń dí àárín àwo àti jíà, lára kọ́ọ̀kì pẹlẹbẹ bíi ti ìdérí ìgò, bó ṣe máa ń gé ọrùn bùbá. Ìka ni wọ́n fi yí àwọn ìdè náà wọlé, kí sípánà tó rọra tẹ̀ lé e. Bàbá mi nawọ́ sí sípánà, ó fẹ́ fún un díẹ̀ sí i. Ìyá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bàbá mi gbé sípánà sílẹ̀, ó sì lọ gbé abọ́ òróró wá.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, abẹ́ ọkọ̀ gbẹ táútáú. Ìyá mi wakọ̀ gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ó ń fun fèrè títí gbogbo àdúgbò fi ń bú u. Bàbá mi jókòó tì í. Láti ọjọ́ yẹn, òun ló ń gbẹ́rù sókè fáwọn ọlọ́jà, ìyá mi ń wakọ̀.

Ayé ti yí padà. Lónìí, ọtomátíìkì ni gbogbo yín ń wá. Ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín méjèèjì pé, ẹ ní kílọ́ọ̀ṣì ń rẹ̀ yín. Ẹ ń na ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀, kò ṣiṣẹ́ kankan, ẹ sì ń pè é ní ìgbádùn. Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ pé ìyá mi nìkan ló ń wà á, ọkọ̀ arọ ni wọ́n ń pè é, lójú rẹ̀. Ìyàwó àwọn tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ń fi ọkọ̀ náà gbé lọ sọ́jà láràárọ̀.