Akọ̀wé àti Máṣíìnì Inú Ọ̀dẹ̀dẹ̀

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ààbọ̀ náírà ni Akọ̀wé jẹ mẹkáníìkì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ géètì ilé rẹ̀, gbèsè náà sì ti pé oṣù méje. Ká ní òpópónà méjì ló wà láàárín wọn ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn. Ṣùgbọ́n ìṣísẹ̀ mọ́kànlá péré ni láti géètì dé ṣọ́ọ̀bù. Akọ̀wé ti kà á. Bó bá fẹ́ jáde láàárọ̀, àfi kó fi ìwé ìròyìn bojú bí ẹni tí ń kàwé, kó máa fara nu ògiri lọ. Mẹkáníìkì, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Má-fọwọ́-kàn-án nítorí ohun tó máa ń sọ fún oníbàárà nìyẹn, á sì kí i láti abẹ́ ọkọ̀ tó wà pé ẹ káàárọ̀ o, Akọ̀wé, ìwé yín dorí kodò.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Akọ̀wé fi ka páálí tó ń wọlé àti páálí tó ń jáde ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ìwé kíkọ àti owó kíkà ò bá a fẹ̀yìn tì. Ó mọ iye igi ìṣáná tó kù nínú páálí ilé ìdáná. Máṣíìnì rẹ̀ nìkan ni kì í bínú ná owó lé lórí. Alùpùpù àtijọ́ ni, irú èyí tí wọ́n máa ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù fún kó tó lè ṣiṣẹ́, tó sì máa ń rú èéfín bí ẹni fi igi tútù dáná. Orí rẹ̀ ló gbé ìyàwó rẹ̀ sí lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ tó bí ìbejì. Èèyàn méjì ló gbé lọ, èèyàn mẹ́rin ló gbé bọ̀, Akọ̀wé sì máa ń fi búra pé epo àlọ àti epo àbọ̀, iye kan náà ni.

Ìbejì ti lọ sílé ọkọ báyìí. Máṣíìnì ló kù, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló sì wà láti oṣù méje, tí kò lè sín, tí kò lè wúkọ́. Aránṣọ ni Ìyá Ìbejì. Ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ kejì tó gba àyè fún sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹgbẹ̀rún kan ló sì ń san lóṣù fún ibi tó gbé e sí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ló ń wò. Nígbà tí ọkùnrin tó ń ra àlòkù irin dá ẹgbẹ̀rún méje lé máṣíìnì náà, obìnrin náà gbé ìjókòó síwájú ọkọ rẹ̀.

“Bàbá Ìbejì, ọ̀sán Sátidé ni mo fún yín. Bó bá fi ẹ̀rọ ara rẹ̀ gbé yín kúrò nínú àgbàlá yìí, mi ò ní sọ̀rọ̀ títà mọ́ títí ayé. Bí ò bá gbé yín, onírin á gbé e.”

Akọ̀wé gbà. Kò lè gbé e lọ bá Má-fọwọ́-kàn-án láìsan ti ẹ̀yìn, mẹkáníìkì mìíràn sì ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni òun máa fi ṣí i wò lásán. Ó ní kí ló dé, ṣebí ojú ni wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́, ojú òun sì ti wà lára ọwọ́ mẹkáníìkì fún ọdún mẹ́wàá.

Lọ́jọ́ Wẹ́sídè, ó da epo àtijọ́ nù, ó ra tuntun, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún, ó wọn ọ́ìlì sí i, ó sì ta kíìkì. Ìgbà méjìlélọ́gọ́ta ló ta á. Máṣíìnì ò dá a lóhùn. Ó tú púlọ́ọ̀gì, ó bá a tí epo rin ín gbingbin, ó sì mọ̀ pé epo ń dé ibẹ̀, iná ni ò sí. Ó ra púlọ́ọ̀gì tuntun, ẹgbẹ̀rún kan ó lé ọ̀ọ́dúnrún. Iná tó yọ lẹ́nu ìyẹn náà ò lè tan sìgá.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ó fura sí sàlẹ́ńsà, ibi tí èéfín ń gbà jáde. Ó fi wáyà ro ó, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ fẹ́ ẹ kó mọ̀ bóyá atẹ́gùn ń kọjá. Atẹ́gùn ń kọjá. Èédú dúdú yí ẹnu rẹ̀ ká roboto bí ìdí ìkòkò. Ìyá Ìbejì rí i. Ó jẹ́ kó jáde lọ ra sáńdípépà bẹ́ẹ̀, kó sì kí èèyàn mẹ́fà lọ́nà.

Ọjọ́ Fráídè ló wá kan kọ́ńtáàtì, irin kékeré tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì. Orí àwo irin kan ló jókòó sí, ibi tí wọ́n bá sì yí àwo náà sí ló ń sọ ìgbà tí iná máa ṣẹ́. Akọ̀wé mọ èyí. Kó tó tú àwo náà, ó mú ṣọ́ọ̀kì tí ìyàwó rẹ̀ fi ń fa ìlà sára aṣọ, ó fi sàmì síbi tó wà gan-an. Ọgbọ́n akọ̀wé nìyẹn. Ó tú u, ó fi sáńdípépà ha kọ́ńtáàtì títí ó fi ń dán. Bí ọwọ́ rẹ̀ ti wá mọ́ ibi iṣẹ́, ó gbé àwo àti ibi tó jókòó lé, ó fi bẹntiróòlù fọ gbogbo rẹ̀ nífọ̀ abọ́ ìyàwó tuntun. Ìgbà tó fẹ́ dá a padà ló ń wá àmì.

Ó wọlé lọ bá ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. “Ìyá Ìbejì, ṣọ́ọ̀kì rẹ yìí, ṣé kì í pẹ́ lára nǹkan ni?”

“Ẹni tí mo rán aṣọ fún, ṣé kó máa wọ ìlà ṣọ́ọ̀kì káàkiri ni? Kó lè lọ la ṣe rà á.”

Akọ̀wé yí àwo náà síbi tí ojú rẹ̀ sọ pé ó wà tẹ́lẹ̀, ó sì dè é mọ́lẹ̀ pinpin.

Nígbà tó fi máa di ago mọ́kànlá lọ́jọ́ Sátidé, onírin ti gbé ọmọlanke rẹ̀ sẹ́nu géètì, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Má-fọwọ́-kàn-án náà ti jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó káwọ́ gbera, ó ń wòran. Akọ̀wé gbé máṣíìnì sáàárín àgbàlá, ó kọjú rẹ̀ sí géètì, ó ta kíìkì. Lẹ́ẹ̀kẹta, kíìkì gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, bàtà rẹ̀ fò lọ sórí páànù, ẹ̀rọ sì dún. Èéfín bo gbogbo ilé. Akọ̀wé gbéra ró lórí rẹ̀ bí ọba, ó ki jíà sí ọ̀kan, ó tú kúlọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

Máṣíìnì fẹ̀yìn rìn.

Ó gbé e gba abẹ́ okùn aṣọ, ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí Akọ̀wé tó rántí di kúlọ́ọ̀ṣì mú. Síkẹ́ẹ̀tì oníbàárà Ìyá Ìbejì kan ti bọ́ sí i lórí bíi fìlà. Ẹ̀rín mú onírin jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá Ìbejì fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n kò gbàgbé àdéhùn. Ó ní inú ilé ló ń gbé wọn lọ, kúrò nínú àgbàlá ni òun wí.

Akọ̀wé ò jẹ́ kí ẹ̀rọ kú. Ó yọ síkẹ́ẹ̀tì lórí, ó ṣírò. “Ìyá Ìbejì, o ní kó gbé mi kúrò. Ṣé o sọ pé iwájú ni kó fi gbé mi?”

Obìnrin náà ronú. Olóòótọ́ èèyàn ni. “Mi ò sọ bẹ́ẹ̀.”

Ohun tó kọjú sẹ́nìkan, ẹ̀yìn ló kọ sẹ́lòmíràn. Akọ̀wé yí máṣíìnì padà, ó kọ ìdí rẹ̀ sí géètì, ó yí ọrùn bí àdàbà, ó sì tú kúlọ́ọ̀ṣì. Onírin sáré fa ọmọlanke lọ́nà. Máṣíìnì fìdí jáde ní géètì, ó sì ń lọ, nítorí ọrùn tó yí sẹ́yìn kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ ibi tí búréèkì wà. Ó fi ẹ̀yìn sọdá títì, ó fi ẹ̀yìn wọ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ó fi ẹ̀yìn gun òkìtì táyà àlòkù, níbẹ̀ ni ẹ̀rọ sì kú sí.

Má-fọwọ́-kàn-án kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Ó ṣàlàyé pé irú ẹ̀rọ yìí ò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn, bí iná bá ti ṣẹ́ sí i lódì, á yí lódì. Ó ní iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, òun ò sì ní gba owó rẹ̀, ẹ̀rín tí òun rín ti tó. Lẹ́yìn náà ló fa ṣéènì jáde, ó so táyà iwájú mọ́ òpó, ó fi àgádágodo sí i.

“Akọ̀wé, èmi kọ́ ni mo wá gbé e nílé yín o. Ìdí ara rẹ̀ ló fi wọlé mi. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ààbọ̀ ló máa fi jáde.”

Akọ̀wé wo òdìkejì títì, kó bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kó yá òun lówó. Ìyá Ìbejì ti gbà pé òun pàdánù, ọ̀rọ̀ títà ti parí. Ó ti ń gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, onírin ti gba ọ̀ọ́dúnrún, ó sì ti fi ọmọlanke gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kejì dé, ẹ̀rọ náà sì wọ inú àyè náà wẹ́kú bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n.

Láti ìgbà náà, Akọ̀wé kì í sá mọ́. Àràárọ̀ ló ń mú àkísà, tó ń sọdá lọ nu máṣíìnì rẹ̀, Má-fọwọ́-kàn-án sì ń fún un ní bẹ́ǹṣì jókòó. Akọ̀wé ní bí owó ìfẹ̀yìntì bá wọlé, òun máa san. Owó náà wọlé lóṣù tó kọjá, ó wọlé lóṣù yìí. Ìgbà méjèèjì ni Ìyá Ìbejì, obìnrin tí kì í jẹ gbèsè sùn, rí nǹkan mìíràn tó yẹ kí wọ́n fi ṣe. Ó ní kí ni wọ́n ń sáré sí, ṣebí mẹkáníìkì ò ké. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ààbọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀, kò lé, kò dín.