Oko Tí Sàfúrátù Ò Lè Gbin Igi Sí

Bí ẹ bá dé ẹ̀yìn ilé Sàfúrátù ní Kétu, ẹ ó rí igi ọsàn nínú ike àti agolo tó ti jò. Àwọn kan ti ga ju èèyàn lọ, gbòǹgbò wọn ti lu ike já wọnú ilẹ̀ ẹlòmíràn. Ó ń bomi rin wọ́n láràárọ̀. Ẹni tí ò mọ ìtàn rẹ̀ á ní, obìnrin yìí mà lẹ o, kí ló dé tí ò gbìn wọ́n sóko? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kì í bèèrè.

Òwò ẹ̀pà àti gààrí ni Sàfúrátù ń ṣe. Nígbà tó ṣì wà ní ìyàwó tuntun, ó fi èrè rẹ̀ ra ewúrẹ́, àwọn ewúrẹ́ sì bí títí wọ́n fi kún ọgbà. Ràsákì ọkọ rẹ̀ kó gbogbo wọn lọ sọ́jà lọ́jọ́ kan, ó fi owó wọn gbé ìyàwó kejì. Sàfúrátù sunkún lọ bá àwọn àgbà ilé ọkọ. Ẹ̀rín ni wọ́n fi rín: "Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù." Áà! Ṣé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ fún ìyàwó ilé nìyẹn? Kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìkọ̀kọ̀ ló ti ra ilẹ̀ lọ́wọ́ Èṣùgbàyí, àgbẹ̀ kan ní Kpankou. Asma ló ń rò, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run dá sí fún un. Ó fẹ́ kí ọmọ náà ní ibì kan tí ẹnikẹ́ni ò ti ní sọ fún un pé, "Dìde, ilé wa nìyí." Èṣùgbàyí tẹ̀ka sísàlẹ̀ ìwé, òun náà tẹ̀ka, olùkọ́ tó bá wọn kọ ọ́ fọwọ́ sí i. Olùkọ́ yẹn kìlọ̀ fún un.

"Ìyá Asma, ẹ gbé e lọ sí mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba. Bí ò bá sí níbẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì nìkan ló dè."

Ó bèèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Olùkọ́ ní wọ́n á lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ pátákó, wọ́n á sì kéde lábúlé, kí ẹni tó bá ní ẹjọ́ lórí ilẹ̀ náà lè wá sọ.

"Kí wọ́n kéde? Kí Ràsákì gbọ́?"

Ó ká ìwé náà sínú ọ̀rá, ó tì í sísàlẹ̀ àpótí aṣọ.

Ó wá bẹ Èṣùgbàyí pé kó bá òun bò ó. Wọ́n fẹnu kò pé bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè, Sàfúrátù yá ilẹ̀ náà ni. Èṣùgbàyí, èèyàn gidi, ní òun ò ní sọ fún àwọn ọmọ òun pàápàá. Ẹ wò ó, irọ́ yẹn gba iṣẹ́ o! Ẹni tó yá ilẹ̀ kì í gbin igi sí i, torí igi ló ń sọ àlejò di onílẹ̀. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ nìkan ni Sàfúrátù ń gbìn. Bó bá kórè tán, á ru apẹ̀rẹ̀ àgbàdo gba àárín abúlé kọjá, ó di ilé Èṣùgbàyí, ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lójú gbogbo ayé. Àwọn ará Kpankou á máa yìn ín: "Ìyá Asma mọ oore." Bó bá padà délé, á gbin hóró ọsàn sínú agolo, á ní, "Ẹ ní sùúrù. Ọjọ́ yín ń bọ̀."

Ọdún ń gorí ọdún. Olùkọ́ kú. Ọkọ Asma kọ̀ ọ́, Asma sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà wá bá ìyá rẹ̀. Kò pẹ́ sí i, Ràsákì náà kú, Sàfúrátù sì wọlé opó. Ó sunkún ọkọ, torí ọkọ ni, ṣùgbọ́n ó ń ṣírò nínú ara rẹ̀ pé bí òun bá jáde, mẹ́rì ni òun á kọ́kọ́ yà. Kò sí ẹni tí òun ń bẹ̀rù mọ́.

Inú opó ló wà tí Èṣùgbàyí fi kú. Géraud, ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ní Kútọ̀nù, wá sìnkú, ó sì ta ilẹ̀ náà fún Mansour, oníṣòwò ará Àjàṣẹ́. Wọ́n lẹ orúkọ Mansour mọ́ pátákó. Wọ́n kéde ní Kpankou. Ta ló máa lọ da opó láàmú nítorí oko àyálò?

Lọ́jọ́ tó jáde opó, òun àti Asma ru igi ọsàn, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbìn ín ná kí àwọn tó dé mẹ́rì. Òpó sìmẹ́ǹtì tí Mansour fi pààlà ni wọ́n bá ní igun ilẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Sàfúrátù sọ igi tó rù kalẹ̀.

Géraud ò purọ́ nígbà tí wọ́n pè é. "Ìyá Asma, àgbàdo ìṣákọ́lẹ̀ yín la jẹ dàgbà. Bàbá ò sọ ohun mìíràn fún wa." Èṣùgbàyí ti gbé àṣírí náà wọ sàréè, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣèlérí.

Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́. Adájọ́ ka ìwé náà, kò sì sọ pé ayédèrú ni.

"Ìyá, mo gbà pé ẹ ra ilẹ̀ yìí. Ìwé yín de Èṣùgbàyí, ó de àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n á dá owó yín padà. Ṣùgbọ́n Mansour ò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ṣe é. Ó lọ sí mẹ́rì, kò bá orúkọ yín. Ó bèèrè lábúlé. Kí ni wọ́n sọ fún un?"

Àwọn ará Kpankou dìde. Ìyá àgbà kan tí oko rẹ̀ bá ti Sàfúrátù pààlà ń nu ojú bó ti ń sọ̀rọ̀: "Ó yá a ni. Bó bá jẹ́ tirẹ̀, ṣé kò ní gbin igi kan ṣoṣo sí i?"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Ti Sàfúrátù kọ́ o. Òótọ́ tirẹ̀ wà nínú àpótí aṣọ, irọ́ rẹ̀ ni gbogbo abúlé gbé wá jẹ́rìí. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Mansour bá wọn níta. Ojú ń tì í, kò ṣe bí ẹni tó borí.

"Màmá, Ọlọ́run ló mọ̀ pé mi ò mọ̀. Mi ò tíì fẹ́ fi ilẹ̀ yẹn ṣe nǹkan kan báyìí. Ẹ máa dáko yín lọ, mo yá yín. Bẹ́ ẹ bá kórè, ohun tó bá wù yín ni kí ẹ fún mi."

Asma kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Mansour ti ń lọ kó tó yíjú padà.

"Igi nìkan, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbin igi sí i."

Nígbà ìkórè tó tẹ̀ lé e, àwọn ará Kpankou rí Sàfúrátù tó ru apẹ̀rẹ̀ àgbàdo gba àárín abúlé kọjá bíi ti àtijọ́. Kò sẹ́ni tó yìn ín lọ́jọ́ náà. Ìṣákọ́lẹ̀ gidi ló rù.