Ẹ̀rọ Àlòkù Mọ̀núrù

Ara Mọ̀núrù Bùsàrí kì í balẹ̀. Nínú gbogbo àwa aládùúgbò rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun rí i lórí ìjókòó rí. Ìdúró ló fi ń jẹun. Koríko itẹ́ òkú ní Ìkòyí ló ń gé, mo sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn tó ń gé e fún nìkan ló ní sùúrù rẹ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́dún 1978, àìbalẹ̀ ọkàn rẹ̀ nídìí. Lọ́dún tó ṣáájú, àdá rẹ̀ ta sí òkúta ibojì ìyá Madam Theodora, etí òkúta náà sì ya. Ọmọ Àgùdà ni Madam. Lóṣù kọkànlá, lọ́jọ́ tí wọ́n ń rántí àwọn òkú wọn, ibojì gbọ́dọ̀ mọ́ kí wọ́n tó tan àbẹ́là síbẹ̀.

"Mọ̀núrù," ló wí, "irin ò gbọdọ̀ kan òkúta ìyá mi mọ́. Bó bá tún kàn án, èmi pẹ̀lú ẹ ti parí."

Madam ló sì mú un mọ gbogbo àwọn Àgùdà tó ń bá ṣiṣẹ́. Bó bá lé e, gbogbo wọn lọ nìyẹn.

Ló bá di wíwá ẹ̀rọ tó ń fi okùn ọ̀rá gé koríko. Ní Ìdúmọ̀tà, Jíbrílù tó ń ta ẹ̀rọ fi ọ̀kan hàn án, pupa fòò, owó rẹ̀ kò sì ga.

"Brand new, Alhaji! Ẹ wò ó bó ṣe ń dán."

Wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kan, ó ké. Mọ̀núrù ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n tún tan án lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fà á títí, ó kọ̀.

"Ó ti gbóná ni. Ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀."

"Èmi gan-an kì í sinmi," ni Mọ̀núrù wí, ó sì jáde.

Ó gba Obalende kọjá sí Ìkòyí, lọ́dọ̀ Ambrose, tó ń bá òyìnbó kan tọ́jú ọgbà. Òyìnbó náà ń múra àtilọ sílé, ó sì fẹ́ ta ẹ̀rọ tirẹ̀. Ẹ̀rọ ọ̀hún ti dípẹtà, àkísà ni wọ́n fi wé ọwọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó wọ́n ju tuntun lọ. Mọ̀núrù tan án, ó pa á, ó tún tan án, títí inú fi bí Ambrose.

"Oga, you wan spoil am?"

Gbogbo ìgbà tó fà á ló ń dáhùn. Mọ̀núrù rà á.

Hàwáwù ìyàwó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Bàbá Síkírù, ẹ fi tuntun sílẹ̀, ẹ wá fi owó tó jù ú lọ ra àlòkù?" Mọ̀núrù ń nu ẹ̀rọ náà lọ. Ẹ̀rù ń ba òun náà.

Nígbà tí ọjọ́ ìrántí ku ọ̀la, mo bá a gbé kẹ́ẹ̀gì petírólù dé itẹ́ òkú. Madam ti gbé àga wá, ó jókòó, ó ń wò wá. Òjò ṣú. Koríko ń ṣubú, ó wá ku etí òkúta nìkan, ni petírólù bá tán nínú ẹ̀rọ. Mọ̀núrù rọ òmíràn sí i. Ẹ̀rọ náà gbóná kọjá ohun tí à ń fọwọ́ kàn. Àdá wà nínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú Madam kò sì kúrò lára àpò náà.

Ó fà á. Ó dáhùn.

Nígbà tó parí, Madam dìde, ó fọwọ́ pa òkúta náà yíká. Ọwọ́ rẹ̀ kan ibi tó ya lọ́jọ́sí, kò sì kan òmíràn.

"Mọ̀núrù, ẹ̀gbẹ́ ibí yìí ni wọ́n máa sin èmi náà sí. Ẹ̀rọ yìí ni kó o máa fi gé tèmi."

Mọ̀núrù gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Ó wo àga tí Madam dìde lórí rẹ̀, ó sì jókòó.