Iṣẹ́ Bàbá Mi Ni Pé Kí Wọ́n Má Wọlé

Pápá ilé ẹ̀kọ́ girama kan wà lẹ́yìn ilé tí mo ń gbé ní Fairburn báyìí. Bí oṣù Keje bá ti ń parí lọ, tí oòrùn Georgia ń jó ni lórí bí ẹni ru ìkòkò gbígbóná, àwọn ọmọkùnrin ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde wá ṣe ìdánrawò football ti Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré. N kì í rí wọn, nítorí àwọn igi tó wà láàárín wa. Fèrè kóòṣì wọn ni mo máa ń gbọ́. Á fọn ún, gbogbo ariwo á pa lọ́lọ́. Á tún fọn ún, ẹsẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún gìrìgìrì. Bí mo bá ń fọ abọ́ lọ́wọ́, ọwọ́ mi á dúró nínú omi. Ẹ̀yin ọmọ mi ti máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ ó ní, "Mummy ti lọ nìyẹn." Òótọ́ ni, mo ti lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo máa ń lọ fún yín.

Kóòṣì ni bàbá mi, Grandpa yín. Kì í ṣe kóòṣì àgbà, tí wọ́n máa ń gbé fọ́tò rẹ̀ kọ́ sára pátákó lójú títì. Kóòṣì àwọn tó ń dènà ni, àwọn tí wọ́n ń pè ní defense. Ìjẹ̀bú-Igbó ló ti wá kàwé sí Amẹ́ríkà. Ó ga, ó sì fẹ̀ léjìká. Ẹnì kan rí i níbi tó ti ń gbé àpótí ìwé gun àtẹ̀gùn ní yunifásítì rẹ̀, ó ní kí ó wá gbìyànjú bọ́ọ̀lù tiwọn wò, bọ́ọ̀lù tó rí bí èso kòkó. Ó ṣe é títí orúnkún rẹ̀ fi bàjẹ́, ó sì wá di ẹni tó ń kọ́ àwọn mìíràn.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, dókítà, apòògùn àti akáńtáǹtì ni ọkọ àwọn ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá bi màmá mi pé iṣẹ́ wo ni Daddy wa ń ṣe, á ní, "Yunifásítì ló wà." Wọ́n á ní, "Ẹ kú oríire o. Kí ló ń kọ́ wọn?" Màmá mi á wo ilẹ̀ díẹ̀. Á ní, "Ìdènà." Àwọn àgbà kan rò pé iṣẹ́ ológun ni. Bí wọ́n ṣe ń pe Daddy ní Prof nìyẹn, màmá mi kò sì rí ẹnu tún un sọ fún wọn mọ́.

Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan, "Daddy, kí ni ìdènà yẹn gan-an?" Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn ilé wa. "Àwọn kan wà níta, wọ́n fẹ́ wọlé. Iṣẹ́ mi ni pé kí wọ́n má wọlé." Mo ní, "Ta ni yóò wá lọ wọ ilé tiwọn?" Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn mìíràn ló ni ìyẹn. Kò sí lọ́wọ́ mi." Ọmọdé ni mí nígbà náà, mi ò mọ̀ pé ó ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ tán fún mi.

Morrow, ní Georgia níbí, la wà ní sáà bọ́ọ̀lù tí mo fẹ́ sọ yìí. A ti ṣí láti ìlú dé ìlú kí a tó débẹ̀, nítorí bí iṣẹ́ kóòṣì ṣe rí nìyẹn, ṣùgbọ́n Morrow ni ilé àkọ́kọ́ tí àwọn òbí mi fi orúkọ ara wọn rà. Nọ́ọ̀sì ni màmá mi. Ó gbin ewúro sínú garawa lẹ́yìn ilé, bí òtútù bá ti ń bọ̀, á gbé e wọ inú garage bí ẹni gbé ọmọ. Gbogbo ẹni tó bá wá kí wa ló máa ń sọ fún pé, "Ilé yìí ni n ó darúgbó sí." Ní alẹ́ Friday, tó bá ń ṣa ẹ̀wà lórí tábìlì, Daddy á jókòó tì í, á bu ẹ̀wà díẹ̀, á tò wọ́n sí ọ̀nà méjì: pupa ni tiwa, funfun ni ti àwọn tó ń bọ̀ wá bá wa. Á máa fi ìka tì wọ́n kiri, á máa dá sọ̀rọ̀. Màmá mi á dúró títí, á wá sọ pẹ̀lẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n se àwọn ọmọ yín."

Mo ní ọ̀rẹ́ kan. Ramona ni orúkọ rẹ̀, ọmọ kóòṣì àgbà ni. Irun rẹ̀ pupa, ehín rẹ̀ iwájú kan kán díẹ̀, ó sì fẹ́ràn dòdò ju èmi tí mo ni ín lọ. Kíláàsì kan náà la wà. Tó bá di Saturday, ẹ̀gbẹ́ ara wa la máa ń jókòó sí níbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹbí àwọn kóòṣì. Nígbà tí àwọn ọmọ bàbá mi bá ń dènà, Ramona á di ọwọ́ mi mú. Nígbà tí wọ́n bá jáde, tí àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù lọ síwájú wọlé, èmi á di tirẹ̀ mú, nítorí apá ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń bójú tó.

Ọwọ́ Ramona ni mo dì mú jù ní sáà náà. Àwọn tó yẹ kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù lọ síwájú kò lè gbé e dé ibì kan. Kí àwọn tó ń dènà tó mu omi, wọ́n á ti tún pè wọ́n padà, ó sì rẹ̀ wọ́n. A bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù. Ọkùnrin kan máa ń jókòó lẹ́yìn wa, ohùn rẹ̀ dà bí agogo tó sán. Bàbá mi ló kọ́kọ́ ń bú, ó ní kí wọ́n dá a padà síbi tó ti wá. Nígbà tó yá, ó yí i sí bàbá Ramona. Kò mọ̀ pé àwọn ọmọ wọn ló wà níwájú òun, bóyá ó sì mọ̀. Àwa méjèèjì kò bojú wẹ̀yìn rí. Ramona á kàn máa ya èékánná rẹ̀ jẹ, èmi á máa ka àwọn bàálù tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú ní College Park.

Wọ́n ń bú wọn lórí rédíò pẹ̀lú. Nígbà tó di ọjọ́ Sunday kan, pásítọ̀ ní kí a gbàdúrà fún Prof àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Èmi ò tilẹ̀ gbàdúrà fún Daddy. Mo dijú, mo bẹ Ọlọ́run pé kí ó fún àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù lọ síwájú ní ẹsẹ̀.

Eré tó kẹ́yìn ni kò kúrò lọ́kàn mi. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé bí a bá pàdánù rẹ̀, kóòṣì àgbà á lọ. Ọ̀sán Saturday kan nínú oṣù November ni, òtútù mú. Títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, àwa la wà níwájú, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì kéré. Ó wá ku ìdènà kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá ti lè dá wọn dúró lẹ́ẹ̀kan yẹn, ó parí.

Nínú àwọn ọmọ tí bàbá mi ń kọ́, Terrence ló dúró lẹ́yìn pátápátá. Ọmọ Alabama ni, ó máa ń wá jẹ ìrẹsì nílé wa lọ́jọ́ Sunday, á sì fọ abọ́ rẹ̀ kí ó tó lọ. Mò ń wo bàbá mi nígbà náà, mi ò wo bọ́ọ̀lù. Mo rí i tó na ọrùn. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ehoro ẹgbẹ́ kejì, àwọn tó ń sáré lọ gba bọ́ọ̀lù, ti rọra kúrò ní ọ̀tún bọ́ sí òsì, Terrence kò sì rí i. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ju apá méjèèjì. Ó ń sá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà funfun, pẹ̀lú orúnkún tí kò dáa yẹn, ó ń pariwo orúkọ ọmọ náà. Ẹnu rẹ̀ là gbàgà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè gbọ́ ọ, nítorí gbogbo pápá ló ń kígbe "Defense, defense", wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lu irin ìjókòó. Àwọn tiwa ló ń kígbe. Wọ́n fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ ni.

Èmi náà dìde, mo pe Terrence. Ramona pè é. Ohùn ọmọdé méjì nínú irú ariwo bẹ́ẹ̀. Bàbá mi rí ohun tó ń bọ̀ kedere kí ó tó dé, ó mọ ibi tí ó máa gbà, ó ń sọ ọ́ lóhùn rara, kò sì sí ohun tó lè ṣe sí i. Bọ́ọ̀lù gòkè, ó pẹ́ lókè, ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ ehoro náà sì dá dúró lábẹ́ rẹ̀.

Ó gbá a mú, a sì pàdánù. Ariwo dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Terrence dojú bolẹ̀ sórí koríko. Bàbá mi rìn lọ bá a, ó kúnlẹ̀ tì í, ìyẹn ohun tí kì í lè ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn ò tètè dìde. Nígbà tí à ń lọ sílé, wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lórí rédíò pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà. A gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú mọ́tò: "Ibi tí mo ní kí ó dúró sí ló dúró sí. Èmi ni kí ẹ bi." Màmá mi gbé ọwọ́ lọ bíi pé ó fẹ́ pa rédíò, kò pa á. "Ọkùnrin yìí," ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Tuesday, bọ́ọ̀sì ilé ìwé já mi sílẹ̀, mo rí mọ́tò Daddy níwájú ilé. Mi ò rí mọ́tò yẹn nílé lọ́sàn-án November rí. Àpótí páálí wà lẹ́yìn rẹ̀. Daddy wà nínú garage, ó ń bomi rin ewúro.

"Wọ́n ní ká máa lọ," ó wí.

"Ṣé ẹ̀yin náà? Ẹ̀yin ò ṣe nǹkan kan."

"Ibi tí orí bá lọ, ìrù á tẹ̀ lé e." Ó ń bomi náà lọ títí ó fi ń ṣàn jáde lábẹ́ garawa.

Kí ó tó di Kérésìmesì, wọ́n ti ri pátákó tí wọ́n fi ń ta ilé mọ́ iwájú ilé Ramona. A ṣèlérí pé a ó máa pe ara wa lórí fóònù. Mo pè é, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀; mo tún pè é, wọ́n ní nọ́ńbà náà kò sí mọ́. Mo ti wá a lórí Facebook láti ìgbà náà, àwọn Ramona pọ̀ níbẹ̀, mi ò sì mọ ẹni tí irun rẹ̀ pupa nígbà kan lára wọn.

Bàbá mi rí iṣẹ́ sí Kansas. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá páálí jọ nígbà tí màmá mi jókòó sórí àtẹ̀gùn. Kò bínú. Ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti shift gígùn dé. "Ẹ máa lọ. Mi ò ní ṣí mọ́." Daddy wò ó títí, ó ní, "Ó yé mi." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dá lọ, èmi àti màmá mi dúró sí Morrow. Lẹ́yìn Kansas, Arkansas; lẹ́yìn Arkansas, ìlú kan ní Texas tí eruku rẹ̀ máa ń bá a wálé nínú bàtà. Ibi tí wọ́n ti pàdánù, wọ́n lé gbogbo wọn. Ibi tí wọ́n ti borí, kóòṣì àgbà rí iṣẹ́ tó dára jù, ó fi wọ́n sílẹ̀. Inú fóònù ni mo ti mọ bàbá mi. Lọ́jọ́ tí mo gba oyè nọ́ọ̀sì, ó wà nílé ọmọ kan tó ń rọ̀ pé kí ó wá bá ẹgbẹ́ òun ṣe bọ́ọ̀lù. Ó pè mí, ó ń tọrọ àforíjì, mo sì ń sọ fún un pé kò burú. Ó burú.

Màmá mi darúgbó sí ilé náà bó ṣe wí, ibẹ̀ ló sì kú sí. Daddy wá ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yin náà rí i: ó ń gbàgbé. Iṣẹ́ mi ni láti tọ́jú irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. Mo mọ ohun tó kàn, mo sì mọ èyí tó tẹ̀ lé e. Kò sí oògùn kan tí mo lè mú wálé tí yóò dá a dúró.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo mú un lọ ra iṣu ní Morrow. Ọkùnrin kan tó tóbi bí ilẹ̀kùn, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, dúró síwájú wa pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ọjà. Ó ní, "Coach?" Daddy wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Kò mọ̀ ọ́n. Ó wá bi í ní èdè Òyìnbó, ó ní, "Màmá rẹ ńkọ́?"

Ọkùnrin náà ní, "Ó wà dáadáa, sir. Ó ní kí n kí yín."

Inú Daddy dùn. "Bá mi kí i o."

Ó bá wa gbé iṣu dé ìdí mọ́tò. Nígbà tí Daddy ti wọ mọ́tò jókòó, ọkùnrin náà sọ fún mi pé Arkansas ni òun ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí bàbá òun kú, Daddy ló wa òun lọ sílé, ó dúró tì wọ́n títí wọ́n fi sìnkú, ó bá màmá òun bó ànàmọ́ ní kíṣìnnì, òun náà ló kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń so táì. Ó nu ojú. "Màmá mi ti kú, ma'am. Ọdún tó kọjá ni. Mi ò kàn lè sọ ọ́ fún un."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúró díẹ̀ lẹ́yìn tó lọ, mi ò ṣí ilẹ̀kùn. Gbogbo ọdún tí mo fi ń wá bàbá mi nínú fóònù, kíṣìnnì àwọn ẹlòmíràn ló wà. Ó dùn mí, inú mi sì tún dùn sí i, ọ̀kan kò sì lé èkejì jáde.

Nǹkan ti yí padà púpọ̀. Wọ́n ti kọ́ ilé alájà sórí pápá tí èmi àti Ramona ti máa ń jókòó. Àwọn ọmọ tó ń ṣe bọ́ọ̀lù báyìí lè kó ẹrù lọ sí yunifásítì mìíràn bí kóòṣì kò bá wù wọ́n, wọn ò sì ní láti dúró kí ẹnikẹ́ni lé wọn. Ṣùgbọ́n ní Saturday, ẹbí kan ṣì ń jókòó níbì kan tí wọ́n ń wo ẹni tiwọn létí pápá, ọwọ́ wọn kò sì lè tó o.

Mo wọ mọ́tò. Daddy ń wo ọ̀nà tí ọkùnrin náà gbà lọ.

"Ọmọ dáadáa nìyẹn," ó wí.

"Ta ni, Daddy?"

Ó rò ó, ó rò ó. "Mi ò mọ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n ọmọ dáadáa ni."