Fèrèsé Ìyá Tí Kò Ké Mọ́

Tọ́rọ́ ni odindi búrẹ́dì kan ní Agége nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyẹn kọ́bọ̀ mẹ́ta, fún ẹni tí kò bá ná owó ayé ìgbà náà. Kì í ṣe búrẹ́dì òde òní tí ẹ ó tẹ̀ tí yóò wọlé bí tìmùtìmù tí ó ti gbó o. Èyí tí mo ń wí yìí, bí wọ́n bá gbé e kọjá níwájú ilé, ajá tó ń sùn á dìde kí i. Ẹ fi búrẹ́dì yẹn sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá bá a. Ọ̀rọ̀ fèrèsé ni mo fẹ́ sọ.

Ilé amọ̀ tí bàbá bàbá mi kọ́ nígbà tí wọ́n wá gbin obì láti Ìjẹ̀bú ni a ń gbé, kò jìnnà sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Bàbá mi ń ṣe iṣẹ́ òru ní ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ sí Ìkẹjà. Màmá mi ń ta obì fún àwọn Hausa tó ń bá ọkọ̀ ojú irin lọ sókè. Èmi àti Délé ẹ̀gbọ́n mi ń sùn lórí ẹní ní yàrá màmá wa. Yàrá iwájú, tí ó dára jù, ti Ìyá ni, ìyẹn ìyá tó bí bàbá mi.

Onígi ni fèrèsé Ìyá. Pákó kan ṣoṣo ni, ó nípọn bí ojú aládùúgbò wa kan tí n kò ní dárúkọ. Hínjì irin méjì ló fi rọ̀ mọ́ ara ògiri, wọ́n sì kan igi kékeré kan mọ́ ọn tí Ìyá fi ń fà á dé nírọ̀lẹ́. Hínjì yẹn ti dípẹtà. Bí Ìyá bá ti ti fèrèsé síta láàárọ̀, á ké hííín-ìn bí ẹlẹ́dẹ̀ tó rí ọ̀bẹ.

Igbe yẹn ni aago ilé wa. Òfin ilé wa ni pé ẹnikẹ́ni kì í kí ẹnikẹ́ni kí àgbà ilé tó ṣí fèrèsé. Ẹ kò gbọdọ̀ gbálẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ dáná, ẹ kò gbọdọ̀ gbé korobá omi. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ké báyìí, gbogbo wa á dà síta, a ó kúnlẹ̀ sábẹ́ fèrèsé, Ìyá á sì máa kì wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Tèmi ni mo fẹ́ràn jù. "Àjíkẹ́, ọmọ tí mo jí rí tí inú mi dùn. Àjíkẹ́, arẹwà tí kì í bínú àárọ̀." Irọ́ ni, mo máa ń bínú láàárọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kì mí tán, mo lè pọn omi dé Ògbà kí n má mọ̀ pé ó rẹ̀ mí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ̀kọ gbígbóná, tí a ó fi àkàrà lé lẹ́yìn.

Délé ẹ̀gbọ́n mi mọ fèrèsé yẹn ín sín jẹ. Lóru ọjọ́ kan, ebi pa á, ó bá fi ẹnu ké hííín-ìn. Gbogbo ilé dìde. Màmá mi ti da ògì sórí iná kí wọ́n tó rí i pé òṣùpá ló mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Délé kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, títí tí fèrèsé gidi fi ké. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rù igbe fèrèsé ń bà á ju ẹ̀rù pàṣán lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá ń fa fèrèsé dé, igi tí wọ́n fi ń fà á já mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì fi ìdí lélẹ̀ gbì.

"Àkànbí!" Orúkọ tí wọ́n fi ń ki bàbá mi nìyẹn. "Fèrèsé ti kọ̀ mí sílẹ̀ o. Àbí o fẹ́ kí ó pa mí kí o tó ra òmíràn ni?"

Bàbá mi kì í ṣe ahun, owó ni kò mọ ọ̀nà ilé wa dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gba owó oṣù, wọ́n ra ọwọ́ fèrèsé kan tí wọ́n fi idẹ ṣe, ó ń dán bí eyín ọmọge, wọ́n sì ra hínjì tuntun méjì mọ́ ọn. Wọ́n fúnra wọn ni wọ́n kàn án. Wọ́n kó hínjì àtijọ́ lọ fún Bàbá Lásísì, alágbẹ̀dẹ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé wa, ó fún wọn ní tọ́rọ́. Bàbá mi fi tọ́rọ́ náà ra búrẹ́dì. Ẹ rí i pé mo ti bá a.

A jẹ búrẹ́dì yẹn pẹ̀lú ẹ̀wà. Ìyá ń jẹ, wọ́n ń ṣí fèrèsé, wọ́n ń pa á dé, fèrèsé ń lọ ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ológbò tó yó. Wọ́n ń wo ojú wọn lára ọwọ́ idẹ, wọ́n ń tún gèlè wé. A pàtẹ́wọ́. Bàbá mi gun kẹ̀kẹ́, wọ́n lọ síbi iṣẹ́ òru wọn bí ọba.

Lọ́jọ́ kejì, mo la ojú, ilẹ̀ ti mọ́ díẹ̀, n kò gbọ́ nǹkan. Mo ní Ìyá kò tíì jí, mo bá tún dùbúlẹ̀. Mo rí màmá mi náà tí wọ́n la ojú sílẹ̀, tí wọ́n ń wo àjà. Délé ti ká ẹsẹ̀ pọ̀ nítorí ìtọ̀.

"Màámi," ó rọra sọ, "mo fẹ́ tọ̀."

"Ìyá kò tíì jí. Àbí o ti gbàgbé ti òṣùpá?"

Délé tún ẹsẹ̀ ká. Oòrùn ti ń gba inú ihò ògiri wọlé. Bí ó ṣe ń mọ́lẹ̀ sí i ni ojú màmá mi ń yí padà. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò, nítorí èmi náà ti ń rò ó: kí ó má lọ jẹ́ pé Ìyá ti kú sójú oorun. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé wo ni yóò lọ kan ilẹ̀kùn yàrá ìyá ọkọ rẹ̀ kí ó tó ṣí fèrèsé? Bẹ́ẹ̀ ni a dùbúlẹ̀, gbogbo wa lajú kalẹ̀, a ń bọ̀wọ̀ fún àgbà.

Aago kẹ̀kẹ́ bàbá mi ni a kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ohùn wọn: "Ìyá, ẹ káàárọ̀ o! Kí ló dé tí ẹ dá jókòó?"

A sáré jáde. Ìyá ló jókòó sójú fèrèsé tó ṣí gbayawu, gèlè lórí, ọwọ́ wọn ká láyà.

"Bi wọ́n léèrè," ni Ìyá wí. "Àkùkọ kò tíì kọ tán tí mo ti ṣí fèrèsé. Kò sí ọmọ, kò sí ìyàwó. Nínú ilé tí èmi àti ọkọ mi jọ po amọ̀ rẹ̀! Ó dáa. Ẹ bá mi di ẹrù mi. Ọ̀la ni mò ń lọ sí Ìjẹ̀bú."

Màmá mi ti kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ má bínú. A kò gbọ́ fèrèsé ni." Àsìkò yẹn gan-an ni Délé sáré kọjá níwájú gbogbo wa lọ sẹ́yìnkùlé láìkí ẹnikẹ́ni. Ẹ wo ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà tún ọ̀ràn ṣe.

Ìyá kò kọ́kọ́ gbà. Wọ́n fa fèrèsé dé, wọ́n tún tì í síta. Kò dún rárá. Ìyá wo hínjì tuntun náà títí. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ìbínú ti kúrò lóhùn wọn, ó sì kúkú sàn kí wọ́n máa bínú.

"Àkànbí, láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, bí fèrèsé yìí bá ké láàárọ̀, tí mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín, ni mo ń mọ̀ pé ẹnìkan ṣì ń retí mi. O ti yọ ohùn mi tà."

Délé ti padà dé. Ó ní kí Ìyá fọkàn balẹ̀, òun yóò máa bá wọn ké láràárọ̀.

"Ìwọ tí o jí wa fún òṣùpá?" ni Ìyá wí. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n wọlé lọ, wọ́n fa àpótí aṣọ wọn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo bú sẹ́kún. Bí Ìyá bá lọ, ta ni yóò máa pè mí ní arẹwà?

Màmá mi fa ọwọ́ mi, ó di ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ. Bàbá Lásísì ti gbé ọ̀kan nínú hínjì náà sẹ́bàá iná, ó fẹ́ fi rọ ọ̀bẹ.

"Bàbá Lásísì, ẹ kú iṣẹ́ o. Hínjì tí Bàbá Délé tà fún yín lánàá ni mo wá gbà."

"Ẹ wá gbà kẹ̀? Ṣé ẹ fi pamọ́ sọ́dọ̀ mi ni?"

"Mo wá rà á padà ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Sísì ni."

"Sísì! Kọ́bọ̀ mẹ́fà! Tọ́rọ́ lẹ rà á lánàá!"

"Irin ni mo rà lánàá, Ìyá Délé. Irin tó ń ké lẹ̀yin wá rà. Tọ́rọ́ irin, tọ́rọ́ igbe."

"Ta ló sọ ọ̀rọ̀ igbe fún yín?"

"Èmi tí ó ń jí láràárọ̀ ńkọ́? Fèrèsé yín kò ké lónìí, ìrun àsùbáà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́."

Màmá mi, tí wọ́n lè ná obì títí Hausa yóò fi bẹ̀ wọ́n, ní àwọn yóò san kọ́bọ̀ mẹ́rin. Bàbá Lásísì rọra fi ẹ̀mú ti hínjì sún mọ́ iná. Màmá mi tú owó létí aṣọ.

"Ẹ̀yin yìí," ni wọ́n wí, "ẹ ó ta èéfín fún ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó."

"Bí ó bá ní òun fẹ́ rà á ńkọ́?" ni Bàbá Lásísì wí. Òun fúnra rẹ̀ ló bá wa gbé e délé, ó sì bá bàbá mi kàn án. Ó kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi epo kàn án. Ọwọ́ idẹ dúró síbẹ̀, nítorí Ìyá ní àwọn kò lè pàdánù dígí àwọn. Hínjì tuntun di ti fèrèsé màmá mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, hííín-ìn! Délé ló kọ́kọ́ dé abẹ́ fèrèsé. Nígbà tí ó kàn mí, Ìyá kì mí títí oorun fi dá lójú mi. Àpótí aṣọ wọn ti padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Lónìí, ilé tí àwọn ọmọ mi mú mi wá sí ní Àgídìngbì, onígíláàsì ni gbogbo fèrèsé rẹ̀. Ìka kan ni mo fi ń tì í, kì í dún pínpín. Fóònù ló ń kí mi láàárọ̀: "Màámi, ẹ káàárọ̀, mò ń wakọ̀ o." Ta ni í ki ẹni tó ń wakọ̀? Ilẹ̀kùn yàrá mi nìkan ló ń han díẹ̀. Ọmọ mi rán kápẹ́ńtà wá láti fi epo sí hínjì rẹ̀. Mo fún un ní mínírà, mo ní kí ó máa lọ. Ọmọ-ọmọ mi kékeré ti mọ̀ pé bí ilẹ̀kùn yẹn bá ti han, Màmá àgbà ti jí nìyẹn, á sáré wá kúnlẹ̀, èmi náà á sì purọ́ ẹwà fún un.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, n kò kàwé, ṣùgbọ́n mo mọ ìṣirò ọjà. Búrẹ́dì, a jẹ ẹ́, ó dùn. Irin, iye tí a tà á náà ni a fi rà á padà. Ohùn Ìyá nìkan ni a sanwó lé lórí, àdánù wa kò sì ju tọ́rọ́ lọ.