Bàbá Nehemiah àti Rọ́bà Tó Ń Gbé Iná

Àṣìṣe kékeré ni: Bàbá Nehemiah gbàgbé láti tú rọ́bà tó so mọ́ ikùn kó tó wọ agbádá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Rọ́bà náà kì í ṣe ti ṣòkòtò lásán. Iná bátìrì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bó bá ti nà, agogo kékeré kan á dún lápò rẹ̀. Ikùn ara rẹ̀ ló fi ń dán an wò. Nígbà tí ìwàásù wọ wákàtí kejì, Bàbá mí kanlẹ̀. Agogo dún. Pásítọ̀ rò pé olùṣọ́ àkókò ló lù ú.

Ó ní, "Ní ìparí..."

Bàbá tún mí kanlẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà!"

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹ̀ẹ̀méje ni agogo náà dún. Irọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni, ó sì tó.

Nítorí Zipporah, ìyàwó rẹ̀, ló ṣe ń ṣe gbogbo èyí. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn obìnrin náà, ìka ọwọ́ ọ̀tún kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù tó lè ká. Lọ́jọ́ kan, òǹgbẹ gbẹ ẹ́ láti àárọ̀ dọ̀sán nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń tún rédíò ṣe níta, ọkọ ò sì mọ̀. Bàbá búra pé ìka yẹn yóò ní agogo. Bọ́tìnnì le jù fún un láti tẹ̀. Wáyà ló kọ́kọ́ wé mọ́ ọn. Zipporah ká ìka nígbà mọ́kànlá, wáyà já.

"Bàbá, ẹ ra èyí tó nípọn," ni Ṣàmsíátù, aránṣọ iwájú ilé wọn ní àdúgbò Crusher, wí.

"Èyí tó nípọn kò ní jẹ́ kí ìka rẹ̀ ká. Wáyà ń gbé iná, kì í nà. Rọ́bà ń nà, kì í gbé iná. Àfi kí n fi wọ́n fẹ́ ara wọn."

"Haba! Ta ni yóò wá ṣe alága ìdúró?"

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òkú bátìrì kiri àdúgbò Kabawa. Á yọ ọ̀pá dúdú inú wọn, á lọ̀ ọ́ kúnná, á pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù tó ń nà, á fi kun rọ́bà tó rà lọ́wọ́ Ṣàmsíátù. Ṣùgbọ́n kó tó mú ẹyọ kan, á kọ́kọ́ na gbogbo wọn wò.

"Bàbá, ẹ ti na èyí bàjẹ́! Ta ni yóò wọ ṣòkòtò tí mo bá fi í sí?"

"Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán."

Ó gbà á ní oṣù mẹ́jọ. Lọ́jọ́ tó ṣeé ṣe, Zipporah ká ìka, agogo dún, Bàbá sáré wọlé.

"Ìyá Mojísọ́lá, ṣé omi ni?"

Ó fojú sọ pé rárá. Bàbá jáde. Agogo dún.

"Oúnjẹ?"

Rárá. Ìgbà kẹrin ló tó rí i pé ẹ̀rín ni obìnrin náà ń rín. Ó lọ jókòó síta, ó ń retí ìkarùn-ún.

Bàbá ló kọ́kọ́ lọ. Níbi ìsìnkú rẹ̀, pásítọ̀ ọjọ́sí sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa, ó sì pẹ́. Agogo dún lórí àga Zipporah.

"Mo ti gbọ́, Màmá," ni pásítọ̀ wí, ó pa ìwé dé. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Agogo tún dún. Mojísọ́lá, ọmọ wọn, gbé omi sáré wá. Omi ló sì fẹ́ lóòótọ́ lọ́jọ́ náà. Ó mu ún tán.

Sàréè Bàbá Nehemiah wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Crusher, ìṣísẹ̀ mẹ́fà sí fèrèsé ìyàwó rẹ̀.