Aago Kẹ̀kẹ́

Bí ọmọ ilé kejì bá ti tẹ aago kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó máa ń ṣe mí bíi pé kí n fọ́ ọ létí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà ní kékeré, nínú igbó lẹ́yìn Daagbé, ìlú kan ní Bẹ̀nẹ̀ létí ààlà, bàbá mi àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn di kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù tí wọ́n rà ní Nàìjíríà láti fi ṣe fàyàwọ́ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ wọn. Kẹ̀kẹ́ tèmi ò ru nǹkan kan.

Bàbá mi ní, "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n gùn jù, ọmọ mi. Allez, ó yá, bọ́ síwájú. Máa tẹ aago, má dákẹ́ o."

Orí mi wú. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sódò, gbòǹgbò ń gbé mi sókè, imọ̀ ọ̀pẹ ń gbá mi lójú.

Létí odò, aṣọ́bodè kan yọ, ó gbá ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mi mú. Aago dákẹ́.

"Ta lẹ jọ ń bọ̀?"

"Bàbá mi ni. Wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn."

Mo dàgbà kó tó yé mi pé aago yẹn ni bàbá mi àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn ń tẹ́tí sí: bó bá ti dákẹ́, kí wọ́n sá.

Mo gbọ́ bí kẹ̀kẹ́ wọn ṣe ń yí padà lókè, tí ìró wọn sì ń jìnnà. Mo rò pé wọ́n ṣìnà ni. Mo bá ń tẹ aago, mo ń tẹ̀ ẹ́, kí bàbá mi lè mọ ibi tí mo wà.